Nígbà Tí Àṣẹ Òkè Òkun Dé Ọ̀nà Ìgándò

Mo rántí ìgbà tí àsíá orílẹ̀-èdè kan tí n kò dé rí wà lára gbogbo ohun tí mo ń fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́. Ó wà lára àga tí mo ń jókòó lé, ó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ó wà lára fáìlì, kódà wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kẹ́tù tí a fi ń se omi tíì. Ilé ìtọ́jú kékeré kan ni, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòtún lọ sí Ìgándò, níbi tí òórùn ààtàn ti máa ń bá atẹ́gùn wọlé lọ́sàn-án, tí gbogbo wa á sì máa ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ. Àwọn tó ní kòkòrò Éèdì lára là ń tọ́jú níbẹ̀. Ìjọba orílẹ̀-èdè tó ni àsíá yẹn ló ń fún wa ní oògùn, òun ló ń gbọ́ bùkátà iná àti omi, òun náà ló gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mo máa ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ èsì àyẹ̀wò fún wọn, mo máa ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa lo oògùn, bí wọ́n bá sì ń sunkún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń sun ún. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè mí.

Káàdì tí mo ń gbé kọ́rùn nígbà náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ l'Ẹ́gbẹ́dá nírọ̀lẹ́, n kì í bọ́ ọ. Mo máa gbé e kọ́rùn ra búrẹ́dì, mo máa fi kí àwọn aládùúgbò, mo máa fi dé ẹnu géètì wa. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òyìnbó ni mò ń bá ṣiṣẹ́, èmi tí n kò fojú kan òyìnbó níbi iṣẹ́ náà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tí èyí tó sì pẹ́ jù nínú wọn kò lò tó wákàtí kan. Mo máa ń sọ fún àwọn aláìsàn pé, "Ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀fẹ́ ni oògùn yìí, títí ayé sì ni." Ta ló rán mi ní iṣẹ́ títí ayé? Kò sẹ́ni tó rán mi. Ó kàn ń dùn lẹ́nu mi ni.

Àṣà kan wà láàárín àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń gba ìtọ́jú nítòsí ilé rẹ̀. Ará Ìgándò á wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, ará Ẹgbẹ́dá á wá sọ́dọ̀ wa, ará Ìkòtún á kọjá níwájú ilé ìtọ́jú méjì kó tó dé èyí tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí. Ojú tó mọni ni wọ́n ń sá fún. Bí wọ́n bá sì dé, wọn kì í fẹ́ sọ orúkọ wọn. Dípò kí n rọ̀ wọ́n kí wọ́n fọkàn tán wa, èmi ni mo tún ń kọ́ wọn nírọ́. Mo máa ń ní, "Orúkọ tó bá wù yín ni kí ẹ mú wá, jàre. Nọ́ńbà fóònù náà, ẹ yí i padà bó ṣe wù yín. Ọjọ́ tí a bá dá fún yín ni kí ẹ ṣáà máa wá." Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tó bá di ọjọ́ tí a máa wá wọn ńkọ́?" Mo fèsì pé, "Mà, ta ló máa sá fún oògùn ọ̀fẹ́?" Mo rò pé mo gbọ́n. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ọgbọ́n pọ̀ lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, àkísà ni n kò ní.

Obìnrin kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ràn ju bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fẹ́ràn aláìsàn lọ. Sùtánà funfun ló máa ń wọ̀ wá, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìjọ wọn ṣe ń ṣe. Ohun tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ ni pé òun ń lọ síbi àdúrà àwọn aboyún, nítorí náà aṣọ àdúrà ló gbọ́dọ̀ wọ̀ jáde nílé. Ọdún méje ló fi wojú Olúwa kó tó lóyún náà. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò aboyún fún un níbòmíràn tí wọ́n rí kòkòrò yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sá kúrò níbẹ̀, ó sì wá sọ́dọ̀ wa. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Orúkọ tó wà lára fáìlì rẹ̀, èmi ni mo bá a yàn án. Mo ṣàlàyé fún un pé bó bá ń lo oògùn náà lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan, ó lè bí ọmọ tí kò ní kòkòrò kankan lára. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wá, yóò mú ọwọ́ mi, yóò gbé e lé ikùn rẹ̀, kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Oògùn oṣù kan péré ni a máa ń fún un, nítorí a fẹ́ máa rí i déédéé nítorí oyún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ tirẹ̀.

Oyún náà ti wọ oṣù keje nígbà tí ààrẹ orílẹ̀-èdè ọ̀hún bu ọwọ́ lu ìwé kan. A rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ bàbá tíṣà, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú ilé tí a jọ háyà. Ààrẹ náà buwọ́ lùwé, àwọn tó dúró yí i ká pàtẹ́wọ́, ìròyìn sì bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. N kò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ohun tí mo sọ ni pé táì ọrùn rẹ̀ dára.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí a dá iṣẹ́ dúró. Wọn kò ní kí a parí ti ọjọ́ náà, wọn kò ní kí a ṣe é dọ̀la. Wọ́n ní ààrẹ ti pàṣẹ kí gbogbo ìrànwọ́ tí ìjọba rẹ̀ ń ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa dúró ná, títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣe ìlú tiwọn láǹfààní. Ọ̀gá wa ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí oníkálukú kó ẹrù rẹ̀. Apòògùn ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó lẹ bébà mọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Gíláàsì ni iwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. A ń rí àwọn igò oògùn náà níbẹ̀, funfun lórí funfun, wọ́n kún dé òkè. Mo bi ọ̀gá wa pé, "Mà, àwọn tó ń bọ̀ lọ́la ńkọ́?" Ó ní, "Wọ́n ní ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ wọ ọgbà yìí lọ́la. Ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan, òun ló máa lọ ṣàlàyé." Mo bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, n kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ náà.

N kò lọ lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, àti pé ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo fọ aṣọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo fọ kótéènì tí kò dọ̀tí. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n wọkọ̀, kí n lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà lásán, kí n kàn lè bá obìnrin onísùtánà náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá ṣe bí ọmọ gidi, wọn yóò tètè pè wá padà. Nígbà tí mo lọ lọ́jọ́rú, ọlọ́dẹ ẹnu géètì ló sọ fún mi. Ó ní, "Aláṣọ funfun yín yẹn wá o. Mo ní wọ́n ti tì. Ó ní ṣé ti òní nìkan ni àbí títí lọ, mo ní èmi ò mọ̀. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yẹn títí oòrùn fi kan àtàrí, ló bá dìde lọ." Ó wá fi kún un pé, "Ó ní kí n bá òun kí yín."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ bá bàbá tíṣà. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo sì fẹ́ kó kọ́ mi ní ohun tí yóò tù mí nínú. Mo ní, "Bàbá, ṣé wọn ò ní aṣòfin lọ́hùn-ún ni? Ṣé ẹnì kan lè jí láàárọ̀ kó ní kí oògùn dúró?"

Ó ní, "Wọ́n ní aṣòfin dáadáa. Àwọn aṣòfin ló ya owó yẹn sọ́tọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ilẹ̀ òkèèrè, ààrẹ ló di ẹnu àpò mú. Òun ló ń yan àwọn tó ń rán sí ìlú ẹni ẹlẹ́ni, òun ló ń sọ ẹni tí wọ́n á bá ṣọ̀rẹ́ àti ẹni tí wọ́n á kẹ̀yìn sí. Àwọn aṣòfin lè pariwo. Adájọ́ náà lè dá a lẹ́kun tó bá yá. Kí wọ́n tó parí ẹ̀, èyí tó máa bàjẹ́ ti bàjẹ́."

Mo ní, "Àwa náà ò lè bá wọn sọ ọ́ ni?"

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. "Àwa wo? Ṣé o dìbò fún un ni, ọmọ mi? O ò dìbò fún un, o ò sì lè dìbò yọ ọ́. Àwọn tó lè dìbò yọ ọ́ nìkan ni ẹ̀rù wọn ń bà á." Ó wá ní àwọn àgbà ti sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe náà bí mi nínú. Mo ní, "Ìjọba tiwa tó yẹ kó rán ṣòkòtò fún wa ńkọ́?" Ó ní mínísítà kan ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárọ̀, ó ní kí ará ìlú fọkàn balẹ̀. Mo dìde, mo ní ó dàárọ̀.

Mo ní nọ́ńbà obìnrin náà lórí fóònù mi. Ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní Ṣàgámù lòun wà, fírìjì lòun ń tún ṣe, ta ni mò ń wá? Mo pa fóònù náà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé èmi fúnra mi ni mo ní kó yí òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà rẹ̀ padà. Mo wá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán gbogbo òǹkà méjì tó lè gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà wò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí òdo méjì lọ sókè. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo rẹ̀, ó sì gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta. N kò lè dárúkọ, nítorí orúkọ tí mo mọ̀ kì í ṣe orúkọ. N kò lè sọ ibi tí mo ti ń pè. Ohun tí mo ń sọ kò ju "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí ló ń sọ̀rọ̀ o," n ó wá dákẹ́, n ó máa retí. Àwọn kan pè mí ní gbájúẹ̀. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún mi. Àwọn obìnrin tó gbé e ní mo ṣi nọ́ńbà pè, wọ́n sì gé e. Nígbà tí mo dé orí ọgọ́rùn-ún, mo gbé fóònù náà sílẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé mìíràn tún dé láti òkè òkun. Wọ́n ní ìyọ̀ǹda ti wà fún oògùn tó ń gba ẹ̀mí là. Apòògùn ya bébà kúrò lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì pe díẹ̀ nínú wa padà, èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọlọ́dẹ bóyá lóòótọ́ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, aláṣọ funfun kò wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, kò wá. Mo ka oṣù lórí ìka, mo rí i pé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti tó.

Ohun méjì péré tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ tí kì í ṣe irọ́ ni pé ó ń sin Ọlọ́run nínú aṣọ funfun, àti pé ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kẹ̀kẹ́ kan péré ló ń gbé òun láti ilé dé Ẹgbẹ́dá. Ìyẹn ni mo dì mú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tèmi. Mo wọ aṣọ funfun, mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà ìjọ aláṣọ funfun kan lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù, mo sì jókòó láàárín àwọn obìnrin. Ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ kò lè mọ bí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó ní ọ̀nà yẹn. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló jọ ọ́ láti ẹ̀yìn. Ní ìjọ kẹta tí mo lọ, ìyá ìjọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Màmá, mo ti ń wò yín látàárọ̀, ojú yín ń wá nǹkan. Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ Olúwa?" Irọ́ tó tètè wá sí mi lẹ́nu ni pé ọmọ ni mò ń wá. Wọ́n bá mú mi kúnlẹ̀, wọ́n yí mi ká, wọ́n gbàdúrà fún mi pẹ̀lú omijé, wọ́n sì fún mi lómi mu kí n lè bímọ, èmi tí mo ti bí mẹ́rin, tí àbíkẹ́yìn mi ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo ṣe àmín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ọjọ́ Ìsinmi karùn-ún ni mo rí i, nínú ìjọ kékeré kan tó sún mọ́ Ìdímù. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí mi kí n tó rí i, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ọkùnrin kan jókòó ní apá kejì tó ń wò ó, mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Mo wá rí i pé èmi tí mo ti ń wá a kiri ni ohun tó léwu jù fún un nínú ilé yẹn. Mo yí ojú mi sí pẹpẹ. Nígbà tí wọ́n dìde fún orin, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sẹ́yìn, níbi kànga, mo sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ yẹn níbí." Ó wá ní, "Mo gbọ́ ohùn yín lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Baálé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo ṣe ní ẹ ṣi nọ́ńbà pè. Ẹ má bínú." Mo bi í nípa oògùn. Inú rẹ̀ dùn láti dá mi lóhùn, ó sọ ọ́ bí ẹni tó retí kí n yìn ín. "Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù nínú igò nígbà tí mo bá ibẹ̀ ní títì. Mo ṣún un lò ni. Tí mo bá lo ọ̀kan lónìí, mo máa fo ọ̀la. Nígbà tó yá mo ń gé e sí méjì. Kò tán pátápátá títí mo fi bímọ, Àǹtí. Èérún kan ṣì kù." Ó ṣún un lò bí obìnrin ilé ṣe ń ṣún ọbẹ̀ lò níparí oṣù. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ni, ẹ̀kọ́ rere sì ni nípa ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kò gba ṣíṣún lò, bí a bá ti ń fò ó, kòkòrò náà á tún gbérí. Mo ti kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan àyàfi ohun tó yẹ kó ṣe bí oògùn kò bá sí, nítorí èmi gan-an kò gbà pé ọjọ́ náà lè dé. Ilé àgbẹ̀bí ìjọ wọn ló bímọ sí. Omi oògùn tó yẹ kí ọmọ mu láti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kò sẹ́ni tó fún un.

Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ọmọ náà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin ni. Mo fi oògùn lé ìyá lọ́wọ́, a gún ọmọ ní gìgísẹ̀, a kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sójú páálí kékeré, a sá a gbẹ, a fi í sínú àpòòwé. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ibì kan tó jìnnà ni wọ́n ti máa ń ṣe é, mọ́tò kan ló sì máa ń wá kó o lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mọ́tò náà kò wá. Ìyọ̀ǹda ààrẹ dárúkọ oògùn, kò dárúkọ mọ́tò. Mo lọ káàkiri ilé àyẹ̀wò aládàáni, wọ́n ní ti àgbà nìkan làwọn ń ṣe, ìyẹn kì í sì í sọ òótọ́ lára ọmọ ọwọ́, nítorí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ni yóò máa fi hàn. Àwọn ilé ìtọ́jú yòókù tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn, mọ́tò kan náà ni wọ́n ń dúró dè. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi àpòòwé náà sínú báàgì mi, mo wọkọ̀ lọ sí ibi àyẹ̀wò tó jìnnà náà fúnra mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n da aṣọ bò. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ o. Èròjà tí a fi ń ṣe é ni kò sí. Ó ti wà lọ́nà, wọ́n dá a dúró lọ́hùn-ún." Mo gbé àpòòwé náà padà wálé.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wá. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní wọlé, yóò ní, "Àǹtí, ṣé ó ti dé?" N ó ní, "Kò tíì dé, ìyàwó." Yóò ní kò burú, yóò kí mi kú iṣẹ́, yóò sì lọ. Ó tó ìgbà mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ìwé tó kẹ́yìn dé, pé wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tán, pé iṣẹ́ irú tèmi kò sí mọ́. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ kí a fi palẹ̀ mọ́. Mo ń di fáìlì sínú páálí lọ́wọ́ nígbà tó dé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn, mo sì sọ fún un pé n kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ló wọlé. Ó tú ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti rí ọmọ tó pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ bá mi wò ó. Tí ẹ bá wò ó, ẹ máa mọ̀."

Kò sí ojú ènìyàn tó lè rí i. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa, pé a kì í sọ èsì tí kò sí ní ìwé lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ọba ló ń béèrè. N kò dẹ́ṣẹ̀ yẹn rí ní ọdún mẹ́fà. Mo wo ọmọ náà. Ooru ti mú un lọ́rùn, ó sì di ìka mi mú. Ìyá rẹ̀ ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Kò ní nǹkan kan. Ara rẹ̀ mọ́."

Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan l'Ẹ́gbẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ń nu imú ọmọ, mo ń kọ́ wọn ní orin. Iṣẹ́ náà kò burú. Mo ti gbìyànjú láti bínú sí ààrẹ ọ̀hún, ṣùgbọ́n ìbínú náà kì í dúró lára mi, nítorí n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń bínú sí ẹni tí kò mọ̀ pé mo wà láyé. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó rò pé òun ń dáàbò bo ìlú òun ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò rí obìnrin náà mọ́, n kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn, tí yóò ti máa rìn báyìí bó bá wà. Mo máa ń ronú pé bóyá nítorí ọ̀rọ̀ mi ni wọn kò ṣe gbé e lọ fún àyẹ̀wò mọ́ nígbà tí ọ̀nà là. Mo máa ń fẹ́ kí n rántí pé ó bá mi jiyàn lọ́jọ́ náà, pé ó ní èmi náà kò lè mọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì nínú sùtánà rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, mo sì gba ọpẹ́ náà.